Gbogbo Igi ni Ìyá Rà

"Àǹtí mi, ẹ wò ó! Owó wọn di ìlọ́po méjì lọ́dún tó kọjá!"

Dosi, àbúrò tí wọ́n bí lé àwa ìbejì, na fóònù sí mi nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Gberefu. Ìyá wa àgbà ti fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, kí Dosi lè fi wọ kọ́lẹ́jì ní Ijanikin lẹ́yìn ọdún méjì. Ó fẹ́ fi í sí àpò ìdókòwò, níbi tí wọ́n ti ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ láti ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Méjì ló wà níbẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, èyí tí owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, amòye kan ń ṣa ilé-iṣẹ́ tó rò pé yóò jèrè, ó sì ń gba owó iṣẹ́ tó pọ̀, ì báà jèrè, ì báà pàdánù. Èkejì kì í ṣà rárá. Díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́jà ìpín ló ń rà, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

"Ti amòye ni mo fẹ́," ni Dosi wí. "Ta ló ń ra gbogbo rẹ̀ láìmọ èyí tó dára?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìyá wa àgbà ni! Òwò àgbọn ni Ìyá ń ṣe ní Gberefu. Bí àkókò àgbọn bá tó, àwọn oníṣòwò yòókù a sanwó fún ẹni tó ń gun igi, kí ó bá wọn yan èyí tó so jù léṣìí. Ìyá a jókòó sórí iyanrìn, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì ra èso gbogbo oko. "Igi tó so léṣìí lè sinmi lọ́dún yìí," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ló mọ inú igi?" Òórùn òróró àgbọn tí wọ́n ń sè kò tíì kúrò nímú mi. Ká ní mo lè padà sí ìgbà yẹn!

Mo rán Dosi létí. Ó ní, "Àǹtí, àgbọn nìyẹn, owó nìyí." Ó kó gbogbo rẹ̀ fún amòye.

Láàárín ọdún méjì náà, ọjà gòkè, àpò kejì sì bá a gòkè. Àwọn tí amòye ṣà ni kò gòkè, síbẹ̀ ó yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ pé lára owó náà. Owó Dosi kò tó fi wọ kọ́lẹ́jì mọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ kọ́lẹ́jì, èmi àti Dosi wà ní Gberefu, nídìí igi àgbọn tí àwọn oníṣòwò ń jà lé lórí léṣìí. Kò ní èso kan ṣoṣo. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, so jìngbìnnì. Dosi bú sẹ́kún.

"Lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá ni mo jókòó nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, àǹtí!"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọjà lè wálẹ̀ fún àpò méjèèjì, èmi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èrè èṣí kó ọ̀la yín fún ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n.

Dosi nu ojú, ó mú fóònù, ó sì kó ìyókù owó náà sínú àpò kejì.

"Gbogbo igi, Ìyá," ló wí.