Ta Á Le Kí O Rí Inú Rẹ̀

"Zulaikha! Ta ló da láfún mi sílẹ̀ báyìí? Àbí èkúté ti ń ro ọkà nínú ilé yìí ni?"

Ìyá Zulaikha ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ní Atikori. Zulaikha àti Ìmísíolúwa, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ojú àwọn méjèèjì funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlọta dé. Wọ́n gbé pákó kan lé orí bíríkì, wọ́n fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi rọ́bà ta ọmọ irin róbótó-róbótó, irú èyí tó máa ń wà nínú bíárìn ọkọ̀, wọ abẹ́ pákó náà. Ibi tí ọmọ irin bá gbà jáde, á fa ilà sínú láfún. Ilà yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú nǹkan tó wà lábẹ́ pákó láì ṣí i wò.

"Ẹ má bínú, mà," ni Ìmísí wí. "Sáyẹ́ǹsì ni."

"Sáyẹ́ǹsì tí kò lè ra láfún tirẹ̀!"

Ìdíje ni wọ́n ń múra fún. Ní Sátidé, àwọn onímọ̀ kan máa gbé àpótí tí wọ́n kàn pa, tí àlàfo wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo, wá sí gbọ̀ngàn kan ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá borí ni wọ́n máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ fisíìsì ọ̀fẹ́ nígbà ọlidé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti Zulaikha ju ti ọlidé lọ. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Ràímì, tó ń ta pákó, ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí kò bá borí, kó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àlàájì kì í ṣe èèyàn búburú o. Kò kàn tíì rí ẹni tó fi fisíìsì jẹun rí ni. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé, tíṣà wọn, ló ti kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé wọn. "Prótọ́ọ̀nù tó wà nínú átọ́ọ̀mù kéré débi pé ojú kankan kò lè rí i. Kí wá ni àwọn onímọ̀ ṣe? Wọ́n ń yin ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lù ú, wọ́n ń wo ibi tó ta sí. Bí wọ́n bá rọra yìn ín, prótọ́ọ̀nù á dà bí odidi kan. Bí wọ́n bá yìn ín le, wọ́n á rí kúáàkì mẹ́ta nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún mú un le sí i, wọ́n á rí gúlúọ́nù lọ súà bí eéṣú, àwọn tó so kúáàkì pọ̀ bí àtè. Ìkọ́kọrẹ́ ni prótọ́ọ̀nù! Ẹni tó ń wo orí ìkòkò, ewùrà nìkan ló máa rí. Ẹni tó ti síbí bọ ìsàlẹ̀ ló mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀."

"Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀?" ni ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Zulaikha lọ́kàn.

Nígbà tó di ọjọ́ Fráídè, Ìmísí fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ilé ìwé. "Mo ti mọ ohun tó wà nínú àpótí. Ọ̀rẹ́ mi Kingsley, tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Òrù, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kingsley fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ igi inú rẹ̀. Igi ìrókò róbótó kan ni."

"Ìmísí! Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi fún?"

"Ṣé kíláàsì ìṣòwò ló wù ọ́ ni? Mo kúkú lè lọ bá ọ ra kálíkulétọ̀ ńlá."

Zulaikha gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí sì ti balẹ̀ ná.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún. Àlàájì Ràímì wà lẹ́yìn, fìlà funfun lórí, ó káwọ́ gbera. Dókítà Adélọ́lá, ìyá onímọ̀ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ló dìde.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ohunkóhun nípa inú àpótí yìí, kó sọ nísinsìnyí. Mi ò ní bá a wí. Màá kàn gbé àpótí mìíràn fún un ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́, tó sì dákẹ́, kò ní borí."

Ìmísí tẹ Zulaikha lẹ́sẹ̀. Zulaikha wo fìlà bàbá rẹ̀ lókèèrè. Ó dákẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rọra ta ọmọ irin àkọ́kọ́, ó wọlé, ó sì padà jáde. Èkejì náà padà. Ilà tí wọ́n fà sínú ìyẹ̀fun tí wọ́n dà yí àpótí ká bá nǹkan róbótó mu gẹ́lẹ́. Ìmísí ti ń kọ ìdáhùn.

"Dúró ná," ni Zulaikha wí. "Ṣé o gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Irin kì í gbá igi kó má dún."

"Zulaikha, jọ̀ọ́! A ti mọ̀ ọ́n. Kí lo tún ń wá?"

"Bísímílà," ló fi dá a lóhùn. Ó fa rọ́bà títí ó fi fẹ́ já, ó jù ú sílẹ̀. *Kọ́!* Irin gbá igi, ó ta gbọ̀ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún ta òmíràn. Èyí gba àárín kọjá, ó jáde lódìkejì, ṣùgbọ́n ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́wù mú.

"Odidi igi wo ni irin ń gba àárín rẹ̀ kọjá?"

"Kingsley kò lè parọ́ fún mi."

"Mi ò ní ó parọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ. Àmọ́ ọmọ irin yìí kò mọ Kingsley rí."

Wọ́n ta á káàkiri, láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, títí àlàfo inú rẹ̀ fi hàn kedere nínú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà Zulaikha kọ ọ́ sílẹ̀: igi mẹ́ta ni, àyè wà láàárín wọn, nǹkan tó ń fà sì yí wọn ká.

Nígbà tí Dókítà Adélọ́lá ṣí àpótí, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Igi mẹ́ta ló dúró níbẹ̀ lótìítọ́, rọ́bà tín-ín-rín sì yí wọn po. "Odidi kan ni káfíńtà gbé fún mi," ni Dókítà wí. "Mo wò ó, mo ní ó ti rọrùn jù, ni mo bá fi ayùn là á sí mẹ́ta. Ẹni tó bá rọra ta á, rọ́bà ló máa dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: ilé ìwé mélòó kan kọ 'igi ìrókò róbótó.' Ìrókò kẹ̀! Láti ìgbà wo ni ọmọ irin ti ń dárúkọ igi?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan sorí kọ́.

"Àwọn ọmọ Atikori ló borí. Etí wọn mọ́, ohun tí ọmọ irin wí nìkan ni wọ́n gbọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Àtẹ́wọ́ ń ró wàá-wàá. Zulaikha rí i tí bàbá rẹ̀ dìde dúró. Ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "etí wọn mọ́" há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Etí tiwa náà kò mọ́. A ti gbọ́ ọ kí a tó dé ibí. Ẹ bi wá, a sì dákẹ́."

"Yéè!" ni Ìmísí wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló bi ọ́?"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ kò wá kọ ohun tí ẹ gbọ́?"

"Kò bá ohun tí a rí mu, mà."

Àwọn adájọ́ forí korí, ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Dókítà rọra sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ wọn dára, ó ní ẹnu òun kò gbà á láti bú wọn, ṣùgbọ́n òfin tí òun kà létí gbogbo èèyàn kò ṣeé tẹ̀ lójú mọ́lẹ̀. Ilé ìwé kan láti Ìwópín ló gba ipò àkọ́kọ́. Àwọn yẹn kọ ọ́ pé kì í ṣe odidi kan, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó so àwọn igi náà pọ̀.

Ìmísí bá tíṣà wọn lọ, kò wẹ̀yìn. Zulaikha àti bàbá rẹ̀ wọ takisí. Wọ́n kọjá Òrù, Àlàájì bọ́ fìlà rẹ̀ lé itan.

"O ò borí," ló wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Àdéhùn sì ni àdéhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àlàájì yíjú sí i. "Àwọn nǹkan mẹ́ta inú prótọ́ọ̀nù tí ẹ̀ ń sọ yẹn, rọ́bà ló so àwọn náà pọ̀ ni?"

"Rárá o, gúlúọ́nù ni. Bí a bá ṣe ń lù ú le tó la ṣe ń rí wọn sí i. Àwọn onímọ̀ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ ìpín tí oníkálukú gbé nínú agbára ìsáré prótọ́ọ̀nù. Bàámi, gúlúọ́nù tí kò wúwo rárá, àwọn ló gbé tó ìdajì!"

"Súbúhánà! Bí ẹnì kan bá wá parọ́ nípa rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹlòmíràn á tún un ta, sà. Àṣírí á tú."

Àlàájì bi í léyìí, ó bi í ní tọ̀hún. Ó fi ọwọ́ ṣe kúáàkì, ó fi fìlà ṣe prótọ́ọ̀nù. Lójijì, awakọ̀ tẹ bíréèkì. "Àlàájì, ẹ má bínú o! A ti kọjá Atikori. Gúlúọ́nù yìí ni èmi náà ń gbọ́."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn padà. "Mo ní kí o borí kí n lè mọ̀ bóyá orí rẹ wà níbẹ̀," ni Àlàájì wí. "Mo ti mọ̀. Má kúrò ní kíláàsì rẹ. Èmi ni mo yẹ àdéhùn, èmi ni màá sọ fún ìyá rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má sọ pé òtítọ́ ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Zulaikha. Ìdákẹ́jẹ́ ló gbà á. Bó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi í, àpótí mìíràn ni wọn ì bá gbé fún un, ì bá sì borí. Òtítọ́ tó pẹ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n ó máa ń san owó ìpẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́.