Orúkọ Tó Kù Nínú Ìwé Aláwọ̀ Ewé

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, aránṣọ ń ṣẹ́ etí aṣọ kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní òkè ìlú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lórí rẹ̀, ó ní odò ti kúrò láàyè rẹ̀, ó ti kó àdúgbò ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀gá yíjú wo aránṣọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìsàlẹ̀ nilé rẹ̀ wà, pé bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì wà nílé lọ́jọ́ náà.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀, òwú gígùn sì ń wọ́ tẹ̀lé e nínú òjò.

Ibi tí òpópónà ti ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí odò ni wọ́n ti dá a dúró. Omi pupa ló wà níwájú, ó ń gbé ilẹ̀kùn, àga àti òrùlé lọ bí ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé onílé. Ọjọ́ rọ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé bàbá rẹ̀ wá láti orí òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Òun nìkan ni. Nígbà tó bi í pé ẹ̀gbọ́n òun dà, bàbá ní, "Ó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu bàbá kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ń bọ̀.

Ìjọ òkè ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti pẹ́ tí ìjọ òkè àti ìjọ ìsàlẹ̀ kò ti kí ara wọn dáadáa. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì ti jà á títí ohùn gbogbo wọn fi há. Ṣùgbọ́n omi kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìjọ tó ń lọ. Ìyàwó àlùfáà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Ìjọ, ti àwọn àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹfun pín ilẹ̀, ìdílé kan, igun kan. Iná kò kú lábẹ́ ìkòkò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹnìkan bá ní òun ò lè jẹun, yóò jókòó tì í títí yóò fi tọ́ ọ wò.

Akọ̀wé ìjọ, bàbá arúgbó olóhùn pẹ̀lẹ́, ní ìwé méjì lọ́wọ́. Ìwé aláwọ̀ ewé ni ti àwọn tí a ń wá, dúdú ni ti àwọn tó ti lọ. Orúkọ ìsàmì nìkan ló ń kọ sínú wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà àdúrà, yóò ka méjèèjì síta. Òfin kan ló fi lélẹ̀: kò sẹ́ni tó lè mú orúkọ kúrò nínú ìwé kan bọ́ sínú èkejì, àfi ẹni tó bí ẹni náà tàbí ẹni tó fẹ́ ẹ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n aránṣọ wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà kó lè rí i kà nígbà tó bá dé.

Ní ọjọ́ kẹrin ni aránṣọ kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, pákó gígùn kan léjìká, lẹ́búlẹ́bú igi nínú ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ìrì, pẹ́ńsù kan létí ọ̀tún, òmíràn létí òsì. Káfíńtà ìjọ ni. Òun ló ń kan pósí ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láti àárọ̀, wọ́n sì tún ní kó wá fi pákó dá yàrá sí fún àwọn abiyamọ. Ó wọn ilẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn ti sọ ọ́ lórúkọ ní tiwọn: Tún-un-wọ̀n.

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí Màmá Ìjọ yá a. Aṣọ tí àwọn ìjọ ọ̀nà jíjìn kó ránṣẹ́ ló ń tún rán, torí pé kóòtù ọkùnrin fìrìgbọ̀n ló pọ̀ jù, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí òtútù ń mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀," ni káfíńtà wí. "Mo fẹ́ wọn ibẹ̀."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ilẹ̀ náà ń sá lọ ni?"

"Ilẹ̀ kì í sá. Ọwọ́ ara mi ni mi ò fọkàn tán."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí aránṣọ ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn náà, ṣùgbọ́n nǹkan kan mira létí ẹnu rẹ̀. Ó wo orúnkún ọkùnrin náà, ó sì sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ ti jẹ ṣòkòtò náà tán, kó mú un wá lọ́la, kó má ṣe fi ìṣó kàn án.

Ó mú un wá. Nígbà tó padà wá gbà á, ó gbé àpótí ìjókòó kan dání, gíga rẹ̀ bá ẹ̀rọ náà mu rẹ́gí. Aránṣọ bi í pé ìgbà wo ló wọn òun. Ó ní ojú lòun fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láàárín òórùn igi tútù àti aṣọ tí kò gbẹ. Ó ń pè é ní Abẹ́rẹ́ mi, nítorí pé kékeré ni, adìẹ kan kò sì lè gbé e mì. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó lórí pákó, ó sọ fún un pé pósí àwọn ọmọdé nìkan ni òun kì í lè wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń yọ ẹ̀gún igi kúrò níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹta, káfíńtà mú àbúrò bàbá rẹ̀ àti Màmá Ìjọ lọ bá bàbá aránṣọ nínú igun tí wọ́n fi ẹfun là. Bàbá gbọ́ wọn tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mi ò kọ ọmọ yín," ló wí. "Ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Mi ò lè máa fi ọ̀kan fọ́kọ kí èkejì má mọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó dé ná."

Wọ́n dìde, wọ́n dágbére.

Àwọn ìdílé ń kúrò ní gbọ̀ngàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Odò ń dá òkú padà, orúkọ sì ń kúrò nínú ìwé kan bọ́ sínú èkejì, títí ó fi ku orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé aláwọ̀ ewé. Ìjọ wá pinnu pé kí káfíńtà kọ orúkọ àwọn tó lọ sára pákó ńlá kan, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Akọ̀wé wà nídùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹni tó dúró fún un kó ìwé méjèèjì lé káfíńtà lọ́wọ́, kò sì ṣàlàyé. Káfíńtà rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kí akọ̀wé gbé orúkọ ìkẹyìn yẹn kọjá, ó sì kọ òun náà sí ìsàlẹ̀ pákó.

Kò mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ ọ́n? Nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́, ìró òòlù rẹ̀ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kì í jẹ́ kó gbọ́ orúkọ tí akọ̀wé ń kà. Àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. Láti oṣù mẹ́rin, "ẹ̀gbọ́n mi" ni aránṣọ ń wí, "ọmọ mi" ni bàbá ń wí, òun náà sì ń bá wọn wí i bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, ó rí pákó náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà kà á. Ó fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí padà, ó sì ń lọ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà.

"Ẹ máa ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì," ni aránṣọ wí. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, ó lọ. Kò padà wá gba abọ́.

Káfíńtà fá orúkọ náà kúrò lọ́jọ́ yẹn. Kò lọ bẹ aránṣọ, nítorí pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí bàbá jáde bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ láti wá ọmọ rẹ̀ létí odò, káfíńtà tẹ̀ lé e, ó jìnnà sí i bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Bàbá kò kí i. Bí bàbá bá fi ọ̀pá tú koríko, òun náà yóò tú ti apá kejì. Bí bàbá bá padà, yóò padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti ìkùukùu, títí ikọ́ fi wọ káfíńtà láyà.

Aránṣọ ń gbọ́ ikọ́ náà láti ojú fèrèsé. Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó mú kóòtù kan tó nípọn, ó tẹ̀ lé wọn. Ó bá àwọn méjèèjì lórí ìdúró.

"Ta ló ń wúkọ́ báyẹn?" ni bàbá bi í, láìbojú wẹ̀yìn.

"Èmi ni, Bàbá," ni káfíńtà dáhùn.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìgbà wo lo máa lọ sílé?"

"Ìgbà tí ẹ bá ń lọ."

Bàbá jókòó sórí òkúta. Odò ló kọjú sí bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo rán an. A ti dé ilé ẹ̀kọ́, ara ti rọ̀ wá. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lórí tábìlì. Ó ní, 'Ẹ dúró síbí, Bàbá, mò ń bọ̀.' Mo sì dúró. Bí mo bá sọ pé ó ti kú, ẹnu mi yìí ló pa á."

Aránṣọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù márùn-ún ló fi ń bínú sí bàbá pé kò jẹ́ kí òun sunkún ẹ̀gbọ́n òun, àṣé ẹrù tó gbé léjìká nìyẹn. Ó fi kóòtù bo bàbá lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Káfíńtà ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ò rán an sí ikú. Ilé lẹ rán an sí."

"Tí kò bá sì fẹ́ lọ, kò ní lọ," ni aránṣọ wí. "Ẹ mọ orí kunkun rẹ̀."

Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu bàbá, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó sun ún tán, ó nu ojú, ó wo káfíńtà tó ń gbọ̀n. "Ó tó," ló wí. "Mi ò ní í fi alààyè wá òkú mọ́."

Ilé akọ̀wé ló gbà lọ tààrà. Akọ̀wé dìde jókòó lórí ibùsùn, ó ṣí ìwé dúdú. Bàbá gba kálàmù, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, káfíńtà dúró níwájú aránṣọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Ó ní òun kò bi í nígbà tó yẹ kí òun bi í. Ṣé ó lè sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún òun báyìí? Irú ènìyàn wo ni?

Wọ́n jókòó lórí pákó. Aránṣọ ní ẹ̀gbọ́n òun máa ń mu tíì gbóná débi tí ẹlòmíràn ò lè fọwọ́ kan ife. Ó ní yóò ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì tún bá ọ tún gbólóhùn inú rẹ̀ ṣe. Ó ní nígbà tí màmá àwọn kú, òun ọmọ ọdún mẹ́jọ, inú kóòtù ẹ̀gbọ́n òun lòun sùn fún odindi ọdún kan. Òjìji kúrò lápá kan àgbàlá bọ́ sí apá kejì, ó ṣì ń sọ. Káfíńtà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Abẹ́rẹ́ mi, ì bá ti wù mí kó bá mi wí."

"Ì bá bá yín wí dáadáa," ni aránṣọ wí, ó sì gbé orí lé e léjìká.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni àlùfáà so wọ́n pọ̀ ní ìjọ òkè, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ènìyàn kò pọ̀. Akọrin ìjọ méjèèjì jọ kọrin, orin wọn kò dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráhùn. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá ní kí àwọn méjèèjì bá òun dé ìsàlẹ̀.

Wọn kò tíì jọ́sìn ní ìjọ ìsàlẹ̀ láti ìgbà omi. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ilẹ̀, ó dé ààbọ̀ ògiri. Bàbá rìn lọ sí àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dúró tì í.

"Ibi tó máa ń jókòó nìyí," ló wí.

Ìyàwó bọ́ bàtà funfun rẹ̀, ó ká aṣọ ìgbéyàwó mọ́ ìbàdí, ó ya àkísà kan. Ọkọ rẹ̀ lọ pọnmi wá. Wọ́n fọ àga náà, wọ́n da omi nù, wọ́n tún un fọ̀, títí àwọ̀ igi fi hàn. Bàbá fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu eteetí rẹ̀ gbẹ.

Wọn kò jókòó sí i. Wọ́n ṣí fèrèsé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i, wọ́n sì rọra jáde.