Ọmọ Mẹ́ta Tí Mọ́mì Jeremy Bí Lọ́jọ́ Ajé

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀rọ kankan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nílé ìfọṣọ Mọ́mì Jeremy ní Ailegun, àdúrà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Wọn a kọrin, wọn a ṣe àmín, Mọ́mì a wá gbé ọwọ́ lé àyà, a ní, "Ẹbí ni gbogbo wa níbí."

Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Mọ́mì bá ti dárúkọ ẹbí, owó oṣù kò ní tètè jáde nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó dárúkọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Diamond, awakọ̀ tó ń kó aṣọ òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọsibítù lọ bọ̀, sọ fún Memunat ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ó di Kérésì."

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn Mọ́mì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Láti ọdún 2024 ni òfin ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni Mọ́mì ṣì ń san. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bọ́ládé ti sọ fún un pé òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ yìí kan náà ní òfin iṣẹ́ kì í ka ẹbí olówó iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Mọ́mì mú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó rán wọn pọ̀ bí ẹni ń rán ṣòkòtò tó ya. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ní. Bí mẹ́ta bá di ọmọ, ó ku mẹ́rìnlélógún.

"Diamond, Ẹ̀gbọ́n Memunat, Lará, ẹ wá síbí. Láti òní lọ, ọmọ mi ni yín."

"A kúkú ti mọ̀, mà," ni Diamond wí.

"Mi ò sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Tí obìnrin ìjọba tó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò bá dé, tó bi yín, ẹ ní èmi ni mo bí yín."

Memunat, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ kíká, tó sì ti ní ọmọ-ọmọ, gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi náà? Èmi tí mo ti ń pọn ọmọ kí ẹ tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bà á jẹ́. Ẹ̀yin ni àkọ́bí."

"Àkọ́bí tí ìyá rẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbọ́n," ni Memunat ń kùn. "Kò burú."

Lará nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń lọ aṣọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, áyọ́ọ̀nù ńlá jó o lọ́wọ́ ọ̀tún. Mọ́mì fi òróró pa á, ó gbàdúrà sí i, ó sì ya ara àpò ìrọ̀rí kan láti fi dì í. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìsọlọ̀ ti kìlọ̀ fún Lará pé bí kò bá gba ìtọ́jú tó péye kíákíá, àwọn ìka náà lè gan, kó má lè di ohunkóhun mú mọ́. Kò ní owó ìtọ́jú.

"Mọ́mì, ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Ìyá kì í gbàgbé ọmọ," ni Mọ́mì fèsì, ó sì kọjá lọ.

Kò pẹ́ tí aṣàyẹ̀wò náà fi wọlé. Tẹjúmádé ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí kiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, nítorí náà àwáwí kì í yà á lẹ́nu mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló fi kí wọn.

"Òo, ẹ ṣé o," ni gbogbo ilé dáhùn, tòṣìṣẹ́ tọmọ.

Ó ka orí wọn. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo rí, mà."

"Mẹ́rìnlélógún ni òṣìṣẹ́," ni Mọ́mì wí. "Ọmọ mi ni mẹ́ta yẹn. Wọ́n kàn wá ràn mí lọ́wọ́ ni."

Tẹjúmádé yíjú sí Memunat, ó rí ewú orí rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yin náà, ọmọ wọn ni yín?"

"Èmi ni àkọ́bí."

"Ẹ ti tó ẹni ọdún mélòó, mà?"

"Mo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta."

"Mọ́mì ńkọ́?"

"Wọ́n ṣe àádọ́ta lọ́dún tó kọjá. Ìrẹsì ọjọ́ náà ṣì ń ta sánsán nímú mi."

Mọ́mì gbé ojú sókè. "Olúwa ló ń fúnni lọ́mọ," ló wí. "Kò sí ohun tó ṣòro fún un."

"Àmín, mà," ni Tẹjúmádé dáhùn, ó wá kọjú sí Diamond. "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ìlú yín?"

"Sapẹ́lẹ́."

"Ti Mọ́mì?"

"Ọ̀dọ̀gbolú."

"Báwo ni ọmọ Ọ̀dọ̀gbolú ṣe wá di ti Sapẹ́lẹ́?"

Diamond wo Mọ́mì, ó wo ògiri, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Àǹtí, abẹ́g, ẹ bi màmá mi."

Àwọn tó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé ti fi aṣọ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tẹjúmádé dé ọ̀dọ̀ Lará, aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ó ń bá mi lọ aṣọ ni," ni Mọ́mì yára wí. "Ọmọ rere ni."

"Ẹ dákun, mà, òun ni mo bi." Tẹjúmádé fà á sún mọ́ ara. "Àǹtí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí ebi má sì pa á nígbà tí kò lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣèṣe nígbà tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, mi ò ní agbára kankan níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kù sí. Torí náà, ẹ sọ fún mi: ọmọ ni yín, àbí òṣìṣẹ́?"

Lará wo Mọ́mì. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọ níwájú àlejò.

"Mo ní ìyá," ni Lará wí. "Ó wà ní Ìkọ̀lé, ní Èkìtì. Ká ní ó rí ọwọ́ yìí ní Ọjọ́bọ̀ ni, kò ní ya àpò ìrọ̀rí dì í. Yóò gbé mi lọ sí ọsibítù, ì báà ta gèlè orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni mí, mà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Lará," ni Mọ́mì wí, "lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe fún ọ? Ó dáa. Ẹ yọ Lará. Àwọn méjì tó kù, ọmọ mi ni wọ́n, mo dúró lórí ẹ̀."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù yẹn, mà. Ẹ ti wọ ẹnu òfin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lórí ẹ̀, ẹ ó kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ọmọ ní òfin tirẹ̀. Ilé yín ní Ire-Akari tí mo rí nínú ìwé ilé iṣẹ́ yín, Jeremy ọmọ yín nìkan kọ́ ni yóò jogún rẹ̀ mọ́."

Diamond gbé ọwọ́ sókè. "Mo fara mọ́ ọn. Yàrá òkè tó kọjú sí títì ni tèmi."

"Èmi ni àkọ́bí," ni Memunat rán an létí. "Mi ò tíì mú tèmi."

Mọ́mì yíjú sí wọn bí ẹni tí àlá rẹ̀ já. "Yàrá ta ni? Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, jàre. Òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn."

"Ẹ ṣé, mà," ni Tẹjúmádé wí, ó sì jókòó.

Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé. Òótọ́ ni pé òfin iṣẹ́ yọ ẹbí olówó iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí tòótọ́ ni, kì í ṣe ẹbí àdúrà àárọ̀ Mọ́ńdè.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún ni mo gbọ́ pé Èkó ń san," ni Mọ́mì wí. "Mi ò lágbára ẹ̀."

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, mà. Àádọ́rin ni tiyín, kò sì gbọ́dọ̀ dín."

"Tí mo bá yọ owó orí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kò san owó orí lórí rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yọ."

"Ọwọ́ Lará yìí wá ńkọ́?"

"Ká ní ẹ ti ń san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san fún àjọ adójútòfò òṣìṣẹ́, àwọn ni yóò gbé bùkátà yìí. Nígbà tí ẹ kò forúkọ sílẹ̀, ọrùn yín ló wà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìjàǹbá náà tó wọn létí kí ọjọ́ méje tó pé. Òní kò tíì pẹ́ jù."

Mọ́mì wo ọwọ́ Lará. Bóyá ó rí i lọ́tẹ̀ yìí. "Diamond," ló wí, "já aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀. Gbé Lará lọ sí ọsibítù kíákíá. Èmi náà ń bọ̀."

Àwọn ìka náà kò gan. Lará ti padà sídìí áyọ́ọ̀nù báyìí. Owó oṣù rẹ̀ pé kódà fún àkókò tí kò lè lọ aṣọ, Mọ́mì sì ti forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò. Ní ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ṣe àmín tán, Mọ́mì gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹbí ni..." Memunat wúkọ́. "Ilé iṣẹ́ ni wá níbí," ni Mọ́mì tún un sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ ka iye wọn bí Ọlọ́run ṣe rí i. Bí wọ́n bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà lóṣù ni ẹni tó kéré jù lọ gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ sì fetí sílẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ìjọba ní láti máa yẹ iye náà wò. Bí wọn kò bá tilẹ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ kò bọ́ nínú èyí tó kù: ẹ kọ àdéhùn iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ san owó adójútòfò láìyọ ọ́ lára owó oṣù wọn, kí ẹ sì fún wọn ní ìkìlọ̀ tó bófin mu kí ẹ tó dá wọn dúró. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí ẹ bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn ra ẹnu yín. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó súnmọ́ yín.

Ìfẹ́ dára níbi iṣẹ́. Kò sì sí òfin tó ní kí ọ̀gá má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe òṣìṣẹ́ ní ọmọ nígbà tí owó oṣù bá tó san, kí ó múra láti pè é ní ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún.