Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Láìgbé Ọmọ

"Màmá, ṣé òkúta lẹ máa ń jẹ ni?"

Oníbéèrè ló ń bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ìbéèrè kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi sọ ọ́ lórúkọ náà. Ó gbé ìgò kékeré kan sókè sí ojú fèrèsé. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìgò náà, èyí tí dókítà bá nínú àpò òróòro ìyá wọn nígbà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tó sì yọ àpò náà dànù.

"Mi ò jẹ òkúta," ni Màmá fèsì láti orí ibùsùn. "Inú mi ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín o. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ á máa dùn mí."

"Kí ló dé tí inú yín ò dá nǹkan gidi sílẹ̀? Kó dá súwíìtì sílẹ̀."

Màmá fi ọwọ́ di ìhà ọ̀tún rẹ̀ mú, ó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbọ̀n ọ́n kó tó rí i dì mú. Nídìí ilẹ̀kùn ni àkọ́bí rẹ̀ dúró sí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pọn àbíkẹ́yìn sẹ́yìn, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Àbíkẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀lù. Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún ni, ó sanra, ó rí roboto, kò sì sí ibi tí wọ́n gbé e sí tí kì í yí kúrò.

Ọ̀gá Kékeré ni orúkọ tí àkọ́bí ń jẹ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti dé láti ọsibítù. Dókítà ló fà á. Ó ti kó gbogbo wọn jọ, ó ní, "Ìyá yín ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn ò gbọdọ̀ gbé ọmọ, wọn ò sì gbọdọ̀ pọn ọmọ. Ta ni ọ̀gá ilé tí bàbá ò bá sí ńlé?" Bàbá jẹ́ awakọ̀ tírélà, ìrìn àjò rẹ̀ kì í dín ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká àkọ́bí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá wa rèé, bó ti kéré tó yìí."

Iṣẹ́ ọ̀gá náà kò rọrùn. Bọ́ọ̀lù kì í sùn lọ́sàn-án àfi lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá Kékeré ronú kan ọgbọ́n kan. Ó wọ bùláòsì tí Màmá fi máa ń ránṣọ, èyí tí òórùn ọṣẹ àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ti wọ̀ lára. Ó pọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin bí Màmá ṣe máa ń kọ ọ́, ìyẹn ni pé ohùn rẹ̀ kò bá orin mu. Kí orin tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, Bọ́ọ̀lù ti sùn lọ fọnfọn.

Màmá rí wọn, omi lé ròrò sí i lójú. "Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Wọ́n tún fi orin burúkú mi gbà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀. Ọ̀gá Kékeré á lọ sílé ìwé, alágbàtọ́ kan tó wà ládùúgbò á bá wọn mú àwọn ọmọ dání di ọ̀sán, òun á sì gbà wọ́n tó bá dé. Ó ń fọ aṣọ, ó ń se oúnjẹ tí kò lépo, ó ń gbé Bọ́ọ̀lù jókòó ti Màmá, ó sì ń gbé e kúrò. Kò ráhùn. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín yọ lójú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ. Irun orí rẹ̀ ti di tuntun, ó ń dán.

"Ìwọ nìkan ló kù o!" ló wí pẹ̀lẹ́. "Ọ̀la layàwòrán ń bọ̀, gbogbo obìnrin kíláàsì wa ló ti di irun kan náà. Ṣé orí játijàti yìí lo fẹ́ gbé wá? Fọ́tò yẹn ò ní gbàgbé ẹ láéláé."

"Mò ń tọ́jú ọmọ."

"Ọmọ wo? Èyí tó ń hanrun yìí? Ilé kẹta ni onídìrí wà. Wákàtí kan péré."

"Màmá ò ní gbà."

"Ta ló ní kó o bi wọ́n? Ṣebí ìwọ lọ̀gá. Ọ̀gá wo ló ń tọrọ àyè?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí dáadáa. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó rò ó pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun kò tí ì ṣe ohun kan ṣoṣo fún ara òun, èyí sì jẹ́ òótọ́. Ó bọ́ bùláòsì Màmá, ó wé e mọ́ ìrọ̀rí kan, ó sì gbé ìrọ̀rí náà ti Bọ́ọ̀lù lẹ́yìn lórí ibùsùn, kí ó lè máa gbóòórùn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Oníbéèrè sí kọ̀rọ̀.

"Tí Bọ́ọ̀lù bá jí, má pe Màmá. Sáré wá pè mí lọ́dọ̀ onídìrí."

"Kí ló dé tí mi ò gbọdọ̀ pe Màmá?"

"Torí ara wọn ò tíì yá."

"Tí ajá bá wà lọ́nà ńkọ́?"

"Kò sí ajá kankan lọ́nà."

Ó yọjú sí Màmá, ó ní òun fẹ́ ra ọṣẹ. "Má pẹ́ o, ọmọ mi," ni Màmá wí, láìfura rárá.

Inú ṣọ́ọ̀bù onídìrí dùn. Àwọn ọmọbìnrin ń ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín kiri, onídìrí fúnra rẹ̀, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń ròyìn oníbàárà kan tó sùn lórí àga títí irun rẹ̀ fi parí tí kò mọ̀. Wọ́n ti di ìdajì orí Ọ̀gá Kékeré nígbà tí Oníbéèrè já wọlé. Bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O ní kò sí ajá," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ajá wà. Mo kọ́kọ́ padà sílé. Bọ́ọ̀lù ti ja bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò pe Màmá o! Àwọn ló wá fúnra wọn."

Ọ̀gá Kékeré kò mọ ìgbà tó dìde. Ó sáré bọ́ sí títì, ìdajì orí dídì, ìdajì tó rí wúruwùru, onídìrí tẹ̀ lé e tòun ti òòyà lọ́wọ́, Ẹlẹ́rìn-ín náà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ yàrá ni wọ́n ti bá Màmá, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn, Bọ́ọ̀lù wà ní itan rẹ̀, ó ń mu ìka. Iwájú orí ọmọ náà wú díẹ̀. Ojú Màmá ti funfun, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin aṣọ rẹ̀ ní ìhà ọ̀tún.

"Nǹkan kan ò ṣe é," ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ. "Mo ti wò ó, nǹkan kan ò ṣe é."

Ó ti gbọ́ gbì láti yàrá kejì, ó sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá wo ló máa dúró rántí kẹ́tùlù?

Onídìrí dá ọkọ̀ dúró. Ẹlẹ́rìn-ín, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, ló dúró ti àwọn ọmọdé. Nínú ọkọ̀, Màmá fa ọwọ́ Ọ̀gá Kékeré mọ́ra.

"Gbọ́ mi. Mo sín ni. Mo sín, ojú ọgbẹ́ sì ṣí. Ohun tá a máa sọ nìyẹn."

"Màmá..."

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ọ́, bàbá rẹ àbí dókítà. O ti ṣe ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ó tán."

Ara tu Ọ̀gá Kékeré nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í pé ara tu òun.

Ní ọsibítù, dókítà nu ojú ọgbẹ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Mo sín ni," ni Màmá wí.

"Ẹ sín? Ẹ ò gbé nǹkan kan?"

"Rárá o. Mo kàn sín ni."

Dókítà fajú ro. "Ọgbẹ́ tó ti lo ọjọ́ méjìdínlógún kò yẹ kó là torí pé èèyàn sín. Tó bá jẹ́ sísín nìkan ló là á, a jẹ́ pé nǹkan ń bẹ nínú lọ́hùn-ún tó ń tì í wá síta. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ relé. Ẹ má jẹ nǹkan kan láti ìsinsìnyí. Ó ṣeé ṣe ká tún ojú abẹ yẹn ṣí láàárọ̀ ọ̀la ká lè wo inú."

Ọ̀gá Kékeré wo ìyá rẹ̀. Màmá di etí aṣọ ibùsùn mú. "Kò burú, dókítà," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìgbà náà ló yé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ti múra tán láti tún wọ abẹ́ ọ̀bẹ nítorí kí wọ́n má baà bá òun wí. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó sún mọ́ dókítà.

"Kì í ṣe pé wọ́n sín, dókítà."

Màmá ja á ní èékánná lápá. Kò dákẹ́.

"Ọmọ ni wọ́n gbé. Ó ja bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì torí pé mo fi í sílẹ̀ lọ dirun. Mo parọ́ fún wọn pé ọṣẹ ni mo fẹ́ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún là wọ́n."

Dókítà wo orí rẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí tó tó ẹ̀rí. "Báwo lọmọ náà ṣe wúwo tó?"

"Kìlógíráàmù mọ́kànlá ni wọ́n bá lára rẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn." Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú wá. Ó wò ó pẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. "Inú mọ́ kedere. Awọ òkè nìkan ló já. A máa rán an padà, ẹ ó sì relé lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn látòní." Ó wá yíjú sí Màmá. "Aránṣọ ni yín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá fún yín ní ìwọ̀n irọ́, aṣọ rẹ̀ ò ní bá a mu. Irọ́ tẹ́ ẹ pa fún mi ò bá ti gbé yín dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, èyí sì dun Ọ̀gá Kékeré ju ariwo lọ.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé o fẹ́ dirun?"

"Mo rò pé ẹ máa ní rárá."

"Onídìrí ò bá wá bá ọ dì í níbí, lójú mi. Àní mò ń wá ohun tí màá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò bi mí."

Ọ̀gá Kékeré bú sẹ́kún. Nígbà tó sunkún tẹ́rùn, ó ní, "Ẹ máà bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà parọ́."

"Mo parọ́," ni Màmá gbà. "Ìfẹ́ ló bí irọ́ tèmi, irọ́ náà sì ni. Wá síbí."

Nígbà tí Bàbá pè, Ọ̀gá Kékeré gba fóònù, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ó dùn mí," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Gbé fóònù fún onísín ilé wa, mo ní ọ̀rọ̀ tèmi bá òun náà sọ."

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó yẹ kó ṣẹ́ kù di mẹ́fà padà. Gbogbo ìsinmi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré, nídìí Bọ́ọ̀lù ló ti lò ó. Àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ jáde, ó ń sọ ọ́, Màmá á sì wá ẹni tó máa dúró fún un. Nígbà mìíràn, Màmá á ní rárá, òun náà á sì jókòó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, àwọn méjèèjì sì ní láti máa bára wọn sòótọ́ kí ọwọ́ tó lè tó ohun tó yẹ.

Ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, tí dókítà ti ní ó tó, Màmá dúró láàárín yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọ̀gá," ló wí, "ṣé kí n gbé e?"

"Ẹ gbé e, Màmá."

Ó gbé Bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pọ̀n ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ tí kò dùn. Ọmọ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì sùn. Ọ̀gá Kékeré dúró wò wọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó ti kọ́ ọ pé ẹni tí a fọkàn tán kò gbọdọ̀ fi irọ́ ra ìgbádùn, àti pé bí èèyàn bá ti ṣe àṣìṣe, kí ó tètè sọ ọ́. Òtítọ́ korò lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí wọ́n tún la ìyá rẹ̀ nínú.