Ìyọ̀ǹda Ẹlẹ́rìn-ín

"Kò tíì rí i," ni Adákẹ́ wí.

Ó ti yọ wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì ti tì í bọ ìdí kọ̀ǹpútà padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Fóònù Áńdírọ́ìdì tó wà lórí tábìlì ń gba iná dáadáa, àmì bátìrì ń tàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tó yẹ kí orúkọ fóònù náà ti hàn ṣófo.

"Bóyá fóònù mi ò kí i ni," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Òun ló ni fóònù. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. "Ẹ káàsán o, mà! Ẹ má bínú, fóònù yìí ò gbẹ̀kọ́ ilé ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà sì bá a rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín síta, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, oṣù kẹta sì rèé tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìlú yìí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì ń retí kí ọmọ tuntun sọ̀rọ̀, ọmọ tuntun ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti ń pè é ní Adákẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ, nítorí kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ní òmíràn. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín yìí, bó bá gba òdo nínú ìṣirò, yóò rẹ́rìn-ín. Bó bá gba mẹ́wàá, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí i á rò pé wàhálà ò mọ ojúlé wọn rárá.

Tíṣà kọ̀ǹpútà, obìnrin gíga kan tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, gba wáyà náà lọ́wọ́ Adákẹ́, ó yí i wò.

"Iná nìkan ni wáyà yìí ń gbé," ló wí. "Kì í gbé ọ̀rọ̀ láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n jọra lójú, wọn ò jọra níkùn." Ó mú òmíràn tó nípọn díẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀. "Ẹ lo èyí."

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe eré. Méjì méjì ni Tíṣà pín wọn, kí wọ́n ṣe áàpù, ìdajì máàkì ìdánwò ìparí ọdún sì wà lórí rẹ̀. Ó sì ti kìlọ̀ pé òun ò ní gba fóònù àwòrán, ìyẹn ayédèrú fóònù inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán áàpù wò. "Fóònù yẹn kì í jábọ́, bátìrì rẹ̀ kì í tán, kò sì sẹ́ni tó ni ín. Fóònù tẹ́nì kan ń lò ni mo fẹ́ rí lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

Áàpù tiwọn ń rán aláìsàn létí òògùn. Ìyá Adákẹ́ ló yá wọn ní ohùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí níbẹ̀, "àkókò òògùn yín ti tó." Nínú fóònù àwòrán, ohùn náà ń dún ketekete. Lórí fóònù Ẹlẹ́rìn-ín, áàpù náà ya odi. Àfi kí wọ́n so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ síta, kí wọ́n tó lè mọ ibi tí àṣìṣe wà.

Tíṣà ní kí Ẹlẹ́rìn-ín wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fóònù, kó wá nọ́ńbà kan rí nísàlẹ̀ pátápátá, kó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Ẹlẹ́rìn-ín ń kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó pé méje, fóònù kọ ọ́ síta pé ó ti di ẹni tó ń ṣe áàpù.

"Ẹ gbà mí o! Mo ti di ẹ̀ńjíníà! Ẹ má pè mí lórúkọ lásán mọ́ o."

Wọ́n tan àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ inú fóònù wò. Kíá, ìbéèrè kan yọ lójú fóònù: ṣé kí kọ̀ǹpútà yìí wọlé? Lábẹ́ rẹ̀, àpótí kékeré kan wà. Bí ẹni tó ni fóònù bá fàmì sí i, fóònù ò ní béèrè mọ́ láé; kọ̀ǹpútà yẹn á máa wọlé nígbàkúùgbà.

"Kà á dáadáa kó o tó tẹ̀ ẹ́," ni Adákẹ́ wí.

"Èmi àti ìwọ? Kí ni mo fẹ́ kà?" Ẹlẹ́rìn-ín fàmì sínú àpótí náà, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Orúkọ fóònù yọ lórí kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́, ojú fóònù fúnra rẹ̀ hàn níbẹ̀ pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá fi máòsì tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fóònù á ṣe é.

Bí Adákẹ́ bá délé lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á ti lọ síbi iṣẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá dé láàárọ̀, Adákẹ́ á ti máa wọ bàtà. Ìwé pélébé tí wọ́n ń fi ife tẹ̀ mọ́ orí tábìlì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: oúnjẹ wà nínú ìkòkò, má gbàgbé fèrèsé. Ilé á dá páropáro. Inú fóònù kékeré alábọ́tìnì tí Adákẹ́ ń lò ni wọ́n gba ohùn ìyá rẹ̀ sí, nígbà míì á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ̀ ẹ́ kó dún. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ara rẹ̀ le, kò lo òògùn kankan. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan kí òun pẹ̀lẹ́ ni.

Ẹ ò wá rí i pé wákàtí kan tó ń lò pẹ̀lú Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé ìwé kì í ṣe nǹkan kékeré lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe Ẹlẹ́rìn-ín sí ìdánrawò bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. "Máa bá a lọ, mi ò ní pẹ́," ló wí, ó sì sáré jáde. Ó fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu wáyà, ní ṣíṣí, nítorí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó má máa sùn tó bá ń gba iná. Ó ku Adákẹ́ nìkan nínú yàrá, pẹ̀lú fáànù tó ń ké fín-ín fín-ín lókè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan yọ lójú fóònù tó hàn lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ló fi í ránṣẹ́: "Ọ̀rẹ́ ẹ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?"

Adákẹ́ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan. Ó mọ̀ pé kò yẹ; mi ò ní purọ́ fún yín, ó mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣebí òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ò kúkú kan fóònù olóhun, máòsì lásán ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Lókè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ti béèrè lánàá pé kí ló dé tí àbúrò òun ń wà lọ́dọ̀ ọmọ yẹn ní gbogbo ọ̀sán. Èsì Ẹlẹ́rìn-ín ni pé: "Àánú ẹ̀ ń ṣe mí."

Ara Adákẹ́ tutù wá sílẹ̀. Àánú! Òun sì ti ń pè é ní ọ̀rẹ́. Kò dúró ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ó ń fà á lọ sókè, ó ń wá ibòmíràn tí wọ́n ti dárúkọ òun, àfi bó ṣe já lu ohun tí kò wá. "Dádì ti kó gbogbo ẹrù wọn jáde. Mọ́mì ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń sunkún kí n tó wá síléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìró ẹsẹ̀ dún níta. Adákẹ́ pa á dé kíá. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín wọlé tó ń mí hẹlẹ, tó ń béèrè pé ṣé áàpù ti fọhùn, Adákẹ́ ní rárá, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, ó ń yẹra fún Ẹlẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́bọ̀, yàrá kọ̀ǹpútà kún, kálukú ń múra iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la, Ẹlẹ́rìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀. "Adákẹ́ mi, rẹ́rìn-ín díẹ̀ ká rí i bóyá eyín ẹ ṣì pé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí Adákẹ́ ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí i lẹ́nu.

"Má ṣàánú mi mọ́! Ara ẹ ni kó o lọ máa ṣàánú. Ṣé bàbá tèmi ló kó ẹrù jáde nílé?"

Ẹlẹ́rìn-ín la ẹnu bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo sọ fún," ló wí wẹ́rẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo wáyà. Ojú rẹ̀ dé orí Adákẹ́, ó sì yé e. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Adákẹ́ nìkan ló dúró níwájú kíláàsì, fóònù àwòrán ló sì fi ṣe àfihàn. Ẹlẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjú sí fèrèsé.

"Fóònù dà?" ni Tíṣà béèrè.

"Kò sí, mà."

Tíṣà kọ òdo fún àwọn méjèèjì. Òdo ti Ẹlẹ́rìn-ín ló dun Adákẹ́ jù. Nígbà tí kíláàsì tú, ó lọ bá Tíṣà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láìyọ ọ̀kan. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo lè fi ìwé máàkì mi sílẹ̀ ní ṣíṣí di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi kọ́ lo ti máa bẹ̀bẹ̀."

Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti bá Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń fọwọ́.

"Mo kà á," ni Adákẹ́ wí. "Kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo ṣì kà á. Èyí tí mo wá sọ lójú gbogbo wọn tún burú jùyẹn lọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹ̀rọ omi. "Ṣé o ka èyí tó tẹ̀ lé e?"

"Èwo?"

"Lẹ́yìn ibi tí mo ti ní àánú ẹ ń ṣe mí."

"Rárá."

"Mo ní ilé tiyín náà máa ń dá bíi tiwa. Mo ní ìwọ nìkan ni mo lè jókòó tì láìrẹ́rìn-ín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì lọ.

Adákẹ́ dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ tó tutù nídìí ẹ̀rọ fi gbẹ. Kò tíì dá wà rí bí ó ṣe dá wà lọ́jọ́ yẹn, nítorí lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló lé èèyàn jáde.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá a lórí àga, kò wọ bàtà, kò ní ibì kankan tó ń lọ. Adákẹ́ sọ fún un. Ìyá náà jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Lójoojúmọ́, èèyàn tí mi ò mọ̀ rí á ká aṣọ sókè kí n lè fọ egbò rẹ̀," ló wí. "Egbò yẹn ló ní kí n wò. Bí mo bá wá lọ wo ibòmíràn, tí mo tún lọ ròyìn rẹ̀ níta, ta ló máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun mọ́?"

"Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé á tún bá mi sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi." Kò purọ́ fún un. Ibẹ̀ náà ló sùn lọ sí, orí rẹ̀ lórí èjìká Adákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà ṣí. Ẹlẹ́rìn-ín fi fóònù lé orí tábìlì.

"Mo ti pa gbogbo ìyọ̀ǹda tí mo fún kọ̀ǹpútà yìí rẹ́," ló wí. "Máàkì ni mo tìtorí ẹ̀ wá o."

Adákẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́. Ìbéèrè ọjọ́sí tún yọ: ṣé kí kọ̀ǹpútà yìí wọlé? Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹlẹ́rìn-ín kà á látòkè délẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí àpótí kékeré náà. Ó ré e kọjá láìfàmì sí i, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fa àga sún mọ́ tòsí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí àṣìṣe náà nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà síta. Fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò gbà kí áàpù kàn máa fọhùn. Àfi kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù. Ti àtijọ́ ni fóònù àwòrán, kò bìkítà. Áàpù tiwọn ò tọrọ ohunkóhun.

"A ò tọrọ àyè," ni Adákẹ́ wí, ojú sì tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sí i. Áàpù béèrè, Ẹlẹ́rìn-ín gbà fún un, ohùn ìyá Adákẹ́ sì jáde: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àkókò òògùn yín ti tó." Tíṣà yọ máàkì márùn-ún torí pé wọ́n pẹ́, ó kọ ìyókù fún wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ ò mọ̀ bóyá ìbínú ni, àbí òun ṣì ni ẹni tó lè jókòó tì láìrẹ́rìn-ín. Kò gbójúgbóyà láti béèrè.

Ohun tí Adákẹ́ kọ́ rèé, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà kọ́ ọ láìfi ara jìyà: ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa nítorí iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yẹn nìkan ló ṣí i fún. Bí a bá gba ibẹ̀ wọ yàrá tí kò ní ká wọ̀, a ti jalè, bí ọwọ́ wa ò tilẹ̀ kan nǹkan kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà fún ni, ìyẹn tí wọ́n bá dá a padà rárá.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ti parí, kò sí máàkì kankan mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó fi fóònù lélẹ̀.

"Ohùn Mọ́mì yín ti lọ sílẹ̀ jù," ló wí. "Jẹ́ ká gbé e sókè díẹ̀."

Adákẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́. Fóònù tún béèrè. Ẹlẹ́rìn-ín tún kà á látòkè délẹ̀, ó sì tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni.