Ẹ Ní Kí Màmá Dúró Dè Mí

Ìwọ tó ò ń sọ pé o máa wá Ọlọ́run tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, jọ̀wọ́ gbọ́ ti Linford Rankine. Èmi ni mo ṣe akọ̀wé rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Lọ́yà ni ní George Town, ní erékùṣù Cayman wa yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ìwé dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn báńkì òkèèrè, ilé-iṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo rẹ̀ kò ju fáìlì lọ. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ìgbéraga sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Màmá Zelma, ìyá rẹ̀, ń gbé ní East End, ní ìpẹ̀kun erékùṣù náà. Gbogbo Kérésìmesì la máa ń ru yanrìn funfun láti etíkun wá dà sí àgbàlá láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àṣà wa ni. Màmá á pè é: "Linford, wá bá mi ru yanrìn, ká sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ṣùgbọ́n Dìsẹ́ńbà làwọn báńkì ń parí òwò ọdún. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n parí tọwọ́ mi ná."

"Tọwọ́ rẹ kì í parí, ọmọ mi."

Carlyle apẹja, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kìlọ̀ fún un: "Lọ́yà àgbà, Jésù ń pè ọ́ o!"

Linford bú sẹ́rìn-ín. "Ní kó lọ bá akọ̀wé mi gba àyè."

Ní Dìsẹ́ńbà ọdún kan, Màmá dá nìkan lọ ru yanrìn láàárọ̀. Lórí fóònù ni Linford wà láàárọ̀ náà pẹ̀lú àwọn lọ́yà orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò títí gbogbo wọn á fi fọwọ́ sí ìwé òwò náà. Carlyle pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Ló bá pè mí. Mo sáré wọlé.

"Sà, ìyá yín ṣubú létíkun. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ kíákíá."

"Ẹ ní kí Màmá dúró dè mí. Ó ku wákàtí kan."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Carlyle. Ó ní, "Màmá ń gbìyànjú láti dúró o."

Òwò parí, wọ́n kí ara wọn kú oríire. Nígbà tí èmi àti Linford fi dé East End, Màmá ti lọ. Ìdajì àgbàlá ni yanrìn dé.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá bi mí bóyá o ti wà lọ́nà," Carlyle wí. "Mo parọ́ fún wọn pé o ti ń bọ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Linford wó lulẹ̀. Mi ò tíì rí àgbà ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. "Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ báyìí, Carlyle?"

"Màmá ò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jésù tó o fi ṣẹ̀sín ṣì ń gbọ́."

Lórí yanrìn náà ló ti jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀ àti ẹ̀gàn rẹ̀, Olúwa sì gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò padà. Títí dòní, tó bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ṣèlérí wákàtí kan fún ìwọ? Níbi tó o wà yìí, wí fún Jésù pé, "Ṣàánú fún mi, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí." Ṣe é lónìí, kí o tó gbé ìwé kékeré yìí sílẹ̀. Linford ì bá fi gbogbo ohun tó ní ra ìṣẹ́jú kan péré lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò rí i rà.