Ọmọ Tí Ìdíátù Ní Kó Máa Bọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà. Ojú mi ló ṣe, n kò sì bù mọ́ ọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń yọ eegun ẹja fún Ìdíátù, ọmọ mi, nínú ilé wa ní Kaneshie, ní Accra. Ẹnu rẹ̀ kún fún kẹnkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, síbẹ̀ ó ń rojọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Rédíò bá kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi kò ní ìwé. Ọmọ Asante ni bàbá Ìdíátù, ó sì ti kú. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, Akosua, pé kó bá mi gba ọmọ náà títí n ó fi rí ìwé. Abena ni òun máa ń pe Ìdíátù.

"Tinúkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ìyá lọmọ ń tẹ̀ lé lọ́dọ̀ tiwa," ó wí. "Anago, ọmọ Yorùbá, ni Abena. Mú un lọ."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Àmúdà. Òun náà wà ní Accra nígbà náà, ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a sì jọ ń padà sí.

"Ti baba lọmọ," ó wí. "Ta ní ń gbé ọmọ ọlọ́mọ wálé? Dá a padà fún wọn."

Ìdíátù gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Làmídì, aládùúgbò wa, ti di ẹrù tirẹ̀ tán. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nìkan ni kò tíì rí oníbàárà. Ó ní ká wá wò ó kẹ́yìn. Eré ayé ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí baba rẹ̀ jẹ́ ará ayé, tí ìyá rẹ̀ sì wá láti inú ìràwọ̀. Ọkọ̀ ìyá rẹ̀ fẹ́ gbéra. Àwọn ará ayé ní kó bá ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn ará ìràwọ̀ ní kó dúró sílé baba rẹ̀. Ó dúró láàárín wọn.

Yàrá pa lọ́lọ́. Àní kòkòrò kò dún níta.

Ọmọ náà yíjú sí wa.

"Ta ni yóò mú mi?"

"Máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," ni Ìdíátù dá a lóhùn.

Àwòrán kú. Làmídì gbá tẹlifíṣọ̀n lórí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo nǹkan Gánà! Òun náà ti ń lé wa." Kò tàn mọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

"Màámi, ẹ má wò ó," Ìdíátù wí. "Ojú ń tì í."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wẹ̀ fún un, n ó máa gbọ́ tí ẹnìkan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, a wọ lọ́rì.

"Ọmọ ọlọ́mọ lo gbé yẹn o," Àmúdà wí.

"Ọmọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́rì ṣí. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìdíátù dúró láàárín èrò, ó ń juwọ́ sí mi.

Ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ mi tutù. Mo figbe ta. Awakọ̀ kò dúró.

"Màámi," ni ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí, "èmi nìyí."

Ojú Ìdíátù ni. Ohùn Ìdíátù ni. N kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Lọ́dún tó lọ, Akosua wá mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀.

"Abena ti kú," ó wí. "Ibà ni. O fi í sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo lọ mú un wá sílé. Ta ni èmi náà ì bá tún fi í sílẹ̀ fún?"

Ìdíátù gbé omi wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó kí àlejò. Akosua wo ojú rẹ̀ títí. Kò mu omi náà.

Abena wà nínú ilẹ̀ ní Accra. N kò tíì rí ibojì rẹ̀. Ìdíátù ń gbé lọ́dọ̀ mi. Bó bá pè mí ní Màámi, mo ń dá a lóhùn.